Páìpù Tí Hayil Fi Tọrọ Ìyàwó

Nínú gbogbo àwọn tó ń jó irin ní àdúgbò àwọn mẹkáníìkì ní Zarqa, ìlú kan nítòsí Amman, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Hayil. Bí àwọn yòókù bá jó páìpù méjì pọ̀, ojú ibẹ̀ a rí bí ibi tí adìẹ ti tú ilẹ̀. Tirẹ̀ a tẹ̀ léra wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, débi pé á wu èèyàn láti fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ká mọ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ká gbọ́n ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ayé, Hayil gọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, nítorí ká ní ó mọ̀ ọ́n bèèrè ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀ sí i.

Rima lorúkọ ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Bàbá rẹ̀, Bàbá Munir, ló ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní ìkángun àdúgbò náà. Ojú bàbá náà ti ń ṣú, nítorí náà Rima ló máa ń jókòó nídìí káńtà lọ́sàn-án. Hayil a lọ ra bóòtù. Kò ní pẹ́, a tún padà lọ ra nọ́ọ̀tù. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ní nọ́ọ̀tù àná kò wọ bóòtù àná.

Ọjọ́ kan ni Rima fọwọ́ lẹ́rán tó ń wò ó.

"Hayil, ṣé o máa ń se bóòtù jẹ ni?"

"Rárá o. Wọ́n kàn máa ń sọnù ni."

"Wọ́n máa ń sọnù. Ó dáa. Ilé wa ní ilẹ̀kùn o, bàbá mi sì máa ń wà nílé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tí bóòtù rẹ̀ ń sọnù lójoojúmọ́, kó wá sọ ohun tó ń wá gan-an fún bàbá."

Kí ni obìnrin tún fẹ́ sọ tó ju ìyẹn lọ? Inú Hayil dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ohun tó rà sórí káńtà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ìdùnnú náà rọ̀, nítorí ó rántí Sattam.

Sattam ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Munir. Láàárín àwọn èèyàn wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọmọbìnrin. Bí kò bá tíì yọwọ́, ẹni tó bá lọ kan ilẹ̀kùn bàbá ọmọ náà ti fojú di gbogbo ẹbí. Àwọn ará Amman ní àṣà yẹn ti kú. Kò tíì kú nílé Bàbá Munir. Láti ìgbà tí Rima ti ń gbé báàgì lọ sílé ẹ̀kọ́ ni Sattam ti ń sọ káàkiri pé òun lòun ni ín, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Kò fẹ́ràn ọmọ náà o. Ó kàn fẹ́ràn kí nǹkan wà níkàáwọ́ òun ni. Bàbá rẹ̀ lọ́lá, kò sì sí iṣẹ́ kan tó ń ṣe ju kó máa wa ọkọ̀, kó máa fi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ó bá ṣe pé ìyá Hayil wà láyé ni, tàbí pé ó ní arábìnrin, àwọn obìnrin ni wọn ì bá rán lọ yọjú sílé Bàbá Munir, kí wọ́n fọgbọ́n wo bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó. Hayil kò ní wọn. Arákùnrin bàbá rẹ̀, Bàbá Dayf, àgbàlagbà tó ń sin àgùntàn lẹ́yìn ìlú, nìkan ló kù tó lè pè ní ẹbí. Nítorí náà, ó pinnu pé Sattam fúnra rẹ̀ lòun máa bẹ̀.

Àǹfààní náà yọ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Sattam wa ọkọ̀ rẹ̀ wọlé wá, ọkọ̀ Japan kan tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára sí i, tó fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje gígun òkè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré lọ́wọ́, ó ya ẹnu bí ẹni tó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Hayil kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Sattam, ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ó hàn. Ojú rẹ ti pọ́n bí irin inú iná."

"Ọ̀rọ̀ Rima ni."

Sattam pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó wo Hayil láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú, ó wo bàtà rẹ̀ tí iná ti lu ní ihò. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àbúrò bàbá mi ló bí i. O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá ọ. Mi ò fẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ wọlé."

"Ọmọlúàbí ni ọ́. Irú yín ò pọ̀ mọ́." Sattam fi ẹsẹ̀ ta táyà ọkọ̀ rẹ̀. "Gbọ́, Hayil. Páìpù ẹnu tọ́bò ọkọ̀ yìí ti há jù. Èéfín ò ráyè jáde, ọkọ̀ ń mí gúlegúle. Ṣe òmíràn fún mi. Irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́, kó fẹ̀ dáadáa, ọwọ́ ara rẹ sì ni kó ti wá. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n rà nínú páálí. Ọjọ́ tí mo bá wà á tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, ọjọ́ náà ni o máa gbọ́ lẹ́nu mi pé mo ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Rima."

"Ṣé òótọ́ lo ń sọ?"

"Ọkùnrin méjì, ọ̀rọ̀ kan. Mú ọwọ́ wá."

Wọ́n bọwọ́. Sattam kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó fi fi kún un pé:

"Ohun kan ṣoṣo ló kù. Títí páìpù yìí á fi parí, mi ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kékeré. Má kí i, má kí ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì wà lórúkọ mi, àbùkù mi ni."

Ó dára lójú Hayil. Ó tilẹ̀ rò ó pé ẹni tó ń rò nípa àbùkù báyìí, èèyàn gidi ni. Mo ti ní kí ẹ gbọ́ pé ó gọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bóòtù páìpù àtijọ́ ti dípẹtà mọ́ ara tọ́bò, ó sì ní láti fi òróró rin wọ́n, kó fi iná yọ́ wọn, kó tún fi òróró rin wọ́n kí wọ́n tó gbà. Méjì já sínú rẹ̀. Ó fi gbogbo ọ̀sán lu wọ́n yọ, ó dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ìpẹtà ń bọ́ sí i lójú. Lẹ́yìn náà, ó gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́bò, èyí tó ń dí ojú ìsopọ̀ kí èéfín má jò, sórí irin pẹlẹbẹ tó nípọn, ó fi bírò fa ìlà yí i ká, ó gé e, ó lu ihò sí i, ó sì fi fáìlì ha inú rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi bá ẹnu tọ́bò dọ́gba. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó di ojú, ó ń wá ibi tó bá yọ gọngọ. Kò rí i.

Ọ̀nà tí páìpù máa gbà ló le jù. Inú ọkọ̀ yẹn há. Níhìn-ín ni ọ̀pá tó ń yí táyà wà, lọ́hùn-ún ni páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé òróró bíréèkì wà, bí irin gbígbóná bá sì sún mọ́ ìyẹn, òróró á hó, ọkọ̀ ò ní dúró mọ́. Hayil fi wáyà ṣe àpẹẹrẹ, ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ ọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí wáyà náà fi kọjá láàárín gbogbo wọn láì fara kan ìkankan. Ó wá gé páìpù gbọọrọ sí wẹ́wẹ́, kí gígé kọ̀ọ̀kan dagun díẹ̀, bí ẹni ń gé àlùbọ́sà. Wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ló ń tò pọ̀ tí wọ́n fi ń di ìgbọ̀nwọ́. Bí ó bá ti to mẹ́ta mẹ́rin, a wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, a fi iná tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kó má yẹ̀, a tún gbé e jáde. Nígbà tó wá fẹ́ jó o délẹ̀, ó dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó jẹ́ kí gáàsì tí kì í gbiná kún inú rẹ̀, kí ẹ̀yìn ojú iná, ìyẹn ibi tí irin ti so pọ̀, má baà jóná, kó má sì máa rún wómúwómú bí ìyẹ̀fun. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà kì í ṣe ìyẹn, torí ẹnikẹ́ni ò ní rí inú páìpù. Hayil ṣe é torí pé lójú rẹ̀, kì í ṣe páìpù ló ń jó, Rima ló ń gbà.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Munir wà lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì. Nígbà tó ń ti sìlíńdà gáàsì bọ̀, Rima dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Hayil, bóòtù tuntun dé o."

Hayil tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń ti sìlíńdà rẹ̀ lọ.

"Hayil. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Kò dáhùn. Ó ń yin ara rẹ̀ nínú pé òun pa àdéhùn mọ́, òun bọ̀wọ̀ fún ọmọ náà. Rima dúró síbẹ̀ títí tó fi yà ní kọ́nà. Nígbà tó tún kọjá lọ́jọ́ mìíràn, ó ṣì bá a lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pè é mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò bá a níbẹ̀ mọ́.

Sattam dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti wo páìpù náà. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń yí i ká.

"Èyí há jù," ni Sattam wí.

"O ní kó fẹ̀, mo sì jẹ́ kó fẹ̀. Bó bá fẹ̀ ju báyìí lọ, ó máa kan páìpù bíréèkì."

"Ṣé èmi ni mo ń fẹ́ ìyàwó ni, àbí ìwọ?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Hayil gé iṣẹ́ náà dànù, ó tún wáyà tẹ̀, ó tún ọ̀nà wá. Òtútù ti mú nígbà náà, yìnyín ń bọ́ lórí àwọn òkè, ọwọ́ rẹ̀ sì ti sán débi pé ẹ̀jẹ̀ ń yọ lójú ìka. Èyí tó fẹ̀ náà parí. Wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀. Sattam wà á jáde, ó padà dé, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Ó ń dún bí ewúrẹ́ tó ní ikọ́."

"Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi omi ọṣẹ dán an wò, kò jò níbì kankan."

"Ṣé etí mi ló ń purọ́? Ohùn rẹ̀ ga jù. Jẹ́ kó wálẹ̀, kó máa bú bí kìnnìún. Onísùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Hayil?"

Hayil tún yọ ọ́. Ó fi páìpù kékeré tó ń nà tó sì ń sún kì sí i láàárín kí ohùn lè rọ̀, ó tún ìdí rẹ̀ ṣe. Ní àkókò yìí, kò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Búrẹ́dì àti tíì ewé ni oúnjẹ rẹ̀, a máa jẹ ẹ́ lórí ìjókòó níwájú ọkọ̀ náà. Ọjọ́ kan tí ó rẹ̀ ẹ́, ó gbàgbé pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ojú ibì kan tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú. Awọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin. Ó fi aṣọ dì í, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí Sattam rí aṣọ náà, ó ní kí wọ́n ṣọ́ra kí ẹ̀jẹ̀ má kan kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òun.

Nígbà tó tún padà wá, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló gbé dé. Ó ní òun rí i lórí fóònù pé ojú iná páìpù tó dára máa ń dán bí wúrà, bí búlúù, bí òṣùmàrè. Ó ní ti Hayil rí bí eérú. Abẹ́ ọkọ̀ ni páìpù náà ń gbé o, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní í bẹ̀ ẹ́ wò láéláé. Hayil kò jiyàn. Ó gé gbogbo rẹ̀ dànù, ó sì ṣe ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ọwọ́ kan tí kò lè ká dáadáa. Mo mọ ẹni tó rí páìpù yẹn kó tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní òun kò rí iṣẹ́ irin tó rẹwà bẹ́ẹ̀ rí, àti pé Hayil jókòó tì í bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ẹkún tán.

Òdòdó pupa ti ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí Sattam wà á lọ, tó wà á bọ̀. Ohùn ọkọ̀ náà wálẹ̀, ó jinlẹ̀, ó kún. Sattam jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́ ọ.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn," ló wí. "Mo ti yọwọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kó àwọn àgbà rẹ lọ bá bàbá mi kékeré. Mo ti bá wọn sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń retí yín."

Hayil fẹ́ fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀. Sattam fà á sẹ́yìn nítorí epo.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hayil fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí, èyí tó dúdú nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ kò lọ. Bàbá Dayf ti ìdí àgùntàn wá, ó wọ jálámíà mímọ́ àti agbádá onírun ràkúnmí, ó mú àgbà méjì mìíràn dání. Bàbá Munir yà wọ́n sí pálọ̀, ó jọ bí ẹni tí ìbẹ̀wò náà bá lójijì, ṣùgbọ́n ó kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Wọ́n bu kọfí kíkorò sínú ife kéékèèké fún wọn. Bàbá Dayf gba tirẹ̀, kò mu ún, ó gbé e sílẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí: àlejò náà ní ẹ̀bẹ̀, kò sì ní mu kọfí títí onílé á fi sọ pé kó mu ún. Bí onílé bá ti ní kó mu ún, ẹ̀bẹ̀ gbà.

"Bàbá Munir," ni Bàbá Dayf wí, "a wá sílé yín torí pé ilé iyì ni. Ọmọ wa Hayil yìí, ẹ mọ̀ ọ́n, ojú yín ló ṣe dàgbà. A wá tọrọ Rima fún un, ní ọ̀nà Ọlọ́run àti ti Ànábì."

Bàbá Munir wo àwọn ife ilẹ̀, ó wo Hayil, ó sì fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ méjèèjì tó ń ṣú.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè ní kí ẹ mu ún. Wọ́n ti mu kọfí Rima."

"Nígbà wo?"

"Àlàmísì àná yìí. Olùkọ́ kan ní Mafraq ni. Èèyàn dáadáa ni."

Bàbá Dayf yí ojú sí Hayil. Hayil kò dúró kí àgbà sọ̀rọ̀ mọ́.

"Bàbá, Sattam ní ẹ ń retí wa. Ó ní òun ti yọwọ́."

"Sattam?" Ó ya Bàbá Munir lẹ́nu gidi. "Kí ló kan Sattam? Sattam ti yọwọ́ láti ìgbà òjò àkọ́kọ́. Ọmọ agbaṣẹ́ṣe kan ní Amman ló ń fẹ́. Lórí ìjókòó tí o wà yìí ló jókòó sí tó fi sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá ní, 'Ọmọ mi, bá mi dé ọ̀dọ̀ Hayil. Sọ fún un pé kó má bẹ̀rù mọ́, kó wá.' Ojú mi ń ṣú ni, kò tíì fọ́, mo kúkú ń rí bóòtù tó ń rà. Ó ní ọ̀dọ̀ rẹ gan-an lòun ń lọ láti ibí."

Hayil ń gbìyànjú láti ka oṣù tó ti kọjá lórí, láti òjò àkọ́kọ́ títí di òdòdó, kò lè kà á.

"Kí ló ní mo fèsì?"

"Ó ní o ṣì ń rò ó."

"Mo ṣì ń rò ó."

"Ohun tó sọ nìyẹn. Mo tún bi í léèrè nígbà òtútù. Ó ní o ṣì ń rò ó, ká má yọ ọ́ lẹ́nu, pé o ní iṣẹ́ ńlá kan lọ́wọ́. Ìwọ náà sì ń kọjá níwájú wa, o ò kí wa. Ọmọbìnrin mi ní ojú tó fi ń rí nǹkan, Hayil. Mo fi gbogbo ìgbà òtútù dúró dè ọ́. Baba wo ló máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Bàbá Dayf gbé ife rẹ̀ nílẹ̀. Kọfí ti tutù.

"Gbé tìrẹ mu, Hayil. Ilé tó gbà wá lálejò kò ṣẹ̀ wá. Kí Ọlọ́run fi alubáríkà sí ìgbéyàwó ọmọ yín, Bàbá Munir."

Hayil mu ún. Ó mu ún délẹ̀, tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Rima wà ní àgbàlá, ó ń kó aṣọ lórí okùn. Àwọn àgbà kọjá síwájú, bóyá wọ́n ṣàánú rẹ̀ ni wọ́n ṣe yára. Hayil dúró.

"Sattam ló ní kí n má bá ọ sọ̀rọ̀," ló wí. "Ó ní títí màá fi ṣe páìpù ọkọ̀ rẹ̀ tán, ìgbà náà lòun máa yọwọ́. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni."

Rima ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ọ̀wọ̀ ta ni?"

Hayil tẹ orí mọ́lẹ̀.

"O ní ẹnu tí o fi bẹ Sattam. O ní ẹnu tí o fi bá a ná mi bí ẹni ń ná àgùntàn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pè ọ́ lórúkọ lójú gbogbo ọjà, o ò ní ẹnu tí o fi dá mi lóhùn. Páìpù tó o ṣe dára, mo ti gbọ́ ọ ní títì. Máa lọ sílé."

Ó kó aṣọ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Òun náà lọ sunkún ni o, ìyàwó Munir, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló sọ fún wa lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n Hayil kò gbọ́ ìyẹn rí.

Ní ọjọ́ kejì, ó bá Sattam lọ́dọ̀ alátíì, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Sattam rí i lókèèrè, ó fi àga hàn án.

"Jókòó. Ṣé wọ́n fún yín ní kọfí?"

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O ṣe páìpù fún mi. Páìpù tó dára." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fọwọ́ bo ẹnu. "Má fojú burúkú wò mí, Hayil. Mo ní o máa gbọ́ lẹ́nu mi pé mo ti yọwọ́. Ṣé o ò gbọ́ ọ ni? Wáláhì, ká ní o kan ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ tí a jọ bọwọ́, ìwọ ni wọn ì bá fún. Èmi gan-an wá jíṣẹ́ náà fún ọ ni. Ìwọ lo ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. O rí mi báyìí, o bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ta ló máa kọ páìpù ọ̀fẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi da tíì sí ara. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, ní ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀ sí Hayil, bóòtù tó de páìpù náà ò sì ju kó fi sípánà tú wọn lọ. Bàbá Dayf ti kìlọ̀ fún un ní òru ọjọ́ Jímọ̀ pé bó bá bá Sattam jà, bó bá tilẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo ìlú á bèèrè ìdí, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tó ti ní àfẹ́sọ́nà á sì dé títì, ẹni Mafraq yẹn lè sọ pé òun ò ṣe mọ́. "O ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ Rima," ni Bàbá Dayf wí. "Má gba èkejì." Nítorí náà, Hayil yí padà, ó lọ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ní àdúgbò wa, a rí Hayil tó ń ṣiṣẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, a rò pé kò sí nǹkan kan.

Iṣẹ́ tilẹ̀ pọ̀ sí i. Sattam gba ipò kìíní nínú ìdíje gígun òkè, àwọn olówó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ síwájú ilé iṣẹ́ Hayil pé kó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Ó ṣe é fún wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ohun tí páìpù gbà lọ.

Ìgbà ooru ni wọ́n gbé Rima lọ sílé ọkọ. Ojú ọ̀nà Mafraq gba àdúgbò àwọn mẹkáníìkì kọjá, àwọn ọkọ̀ ìgbéyàwó náà sì gba ibẹ̀. Ta ni àṣà ní kó ṣáájú wọn bí kò ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó? Hayil gbọ́ ohùn náà lókèèrè, ó mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rí ọkọ̀ kan. Ó pa iná, ó ṣí ìbòjú. Gbogbo àwọn oníṣẹ́ ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ìyàwó gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, ẹni tí kò bá jáde, á dà bí ẹni tó ń dì í sínú. Hayil jáde.

Sattam kọjá, ó yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, ó ń tẹ ọkọ̀ kó máa bú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ ìyàwó, òdòdó bo iwájú rẹ̀, aṣọ funfun sì hàn fìrí nínú gíláàsì. Ẹnìkan fọwọ́ gbá Hayil lẹ́yìn, ó ní, "Gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ó ń gbọ́ ọ. Ó tẹ́tí sí i gidigidi, ó ń wá ibì kan tó ti là, ibì kan tó ń jò, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó wà, ì báà ṣe èyí tó kéré bí abẹ́rẹ́. Kò sí. Ó jó gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí kò ká dáadáa sókè, ó sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù títí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn fi kọjá.